Broiler mi tún ń kú ní ọ̀sẹ̀ kẹrin: ṣé oògùn ló kù ni, àbí ilé ló ń pa wọ́n?

Tíṣà_Ìwó · ọjọ́ 6, oṣù Keje

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò bá ọ̀sìn dàgbà. Owó ìfẹ̀yìntì ni mo fi kọ́ ilé adìẹ sẹ́yìnkùlé ní Ìwó lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo kó broiler, adìẹ tí à ń sìn fún ẹran, wọlé sì rèé, 500 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ti àkọ́kọ́, tó bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn, 31 ló kú. Nínú èkejì, 68. Èyí tó wà ńlẹ̀ báyìí pé ọjọ́ 26 lónìí, 74 ti lọ, a ò sì tíì dé ọjà.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Láti nǹkan bí ọjọ́ 17, wọ́n á máa sín, ọ̀fun wọn á máa dún hùrù-hùrù lóru. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, àwọn kan á ká jọ sí kọ̀rọ̀, ìyẹ́ wọn á rí wúruwùru, wọn ò ní jẹun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti kú. Dókítà ẹran tó wà nítòsí wa la òkú mẹ́ta lójú mi. Awọ funfun kan bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wọn, bí awọ tó máa ń bo ojú ògì tó bá tutù. Ó ní E. coli ni, kòkòrò àìfojúrí kan. Ó kọ oògùn, mo fi sómi, ara wọn yá fún ọjọ́ mẹ́rin, ó tún padà. Nígbà tí mo pè é, ó ní, "Bàbá, oògùn ò lè bá yín gbẹ ilẹ̀ ilé yín." Ojú tì mí láti béèrè ohun tó ní lọ́kàn.

Ilé náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 18, ó gùn ní 20. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́n dé òkè nítorí olè, fèrèsé kékeré mẹ́rin ló ní, méjì nínú wọn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Símẹ́ńtì ni ilẹ̀. Ìyẹ̀ pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ni mo tẹ́ sí i. Omi kànga ni wọ́n ń mu. Nígbà òjò a máa ń ta tapólín bo fèrèsé tọ̀sán-tòru kí òtútù má bàa mú wọn. Ìyàwó mi ní adìẹ ìbílẹ̀ bíi 10 tó ń jẹ̀ kiri àgbàlá. Ẹ gbà mí o.

Kíákíá_Ìkòròdú · ọjọ́ 6, oṣù Keje

Bàbá, ẹ má jẹ́ kó dé ọ̀sẹ̀ kẹrin kẹ́ ẹ tó gbé ìgbésẹ̀. Ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ karùn-ún, antibáyótíìkì nínú omi. Ọjọ́ 14, ẹ tún fi sí i. Ọjọ́ 21, ẹ tún fi sí i. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ọdún mẹ́fà nìyẹn. Ẹni tó bá dúró de àìsàn, àìsàn á bá a nílé.

ÌyáAlágò_Ògbómọ̀ṣọ́ · ọjọ́ 7, oṣù Keje

Kíákíá, ọmọ mi, ṣé ìwọ náà máa ń gbé oògùn ibà mì lójoojúmọ́ nítorí pé ẹ̀fọn wà níta? O ò wulẹ̀ ta nẹ́ẹ̀tì?

Tíṣà, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò, iṣẹ́ yín kúkú ni. 18 lọ́nà 20, 360 ni. Adìẹ 500 lẹ kó sínú rẹ̀. Kò sí èyí tó rí ẹsẹ̀ bàtà kan dúró sí nínú wọn. Nígbà tí wọ́n wà ní òròmọdìẹ, ilé náà á dà bí pápá ìṣeré lójú yín. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ ò ní rí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn adìẹ nìkan lẹ ó máa rí. Ìgbà tí àìsàn yín ń bẹ̀rẹ̀ sì gan-an nìyẹn.

Ìṣirò kejì ló ṣe pàtàkì jù. Broiler máa ń mu omi tó tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n oúnjẹ tó jẹ. Bí 426 tó kù lọ́wọ́ yín bá ń jẹ báàgì méjì oníkílò 25 lóòjọ́, lítà 100 ni wọ́n ń mu. Ibo lẹ rò pé omi yẹn ń lọ? Díẹ̀ ló ń di ẹran. Ìyókù ń gba ìdí àti imú wọn jáde, inú ilé yẹn náà ló sì ń jáde sí. Ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin, oní-lítà 25, tó dà á sílẹ̀ yàrá lójoojúmọ́, tó wá ta tapólín bo fèrèsé, kí lẹ rò pé á hù níbẹ̀? Ohun tí dókítà yín ń sọ nìyẹn, ó kàn ń bọ̀wọ̀ fún ewú orí yín ni.

Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ wọlé kẹ́ ẹ má ṣí nǹkankan. Ẹ lóṣòó kí imú yín tó ti adìẹ, ẹ ka 60. Bí ojú bá ta yín, ẹ sọ fún mi. Lẹ́yìn náà, ẹ bu ìtẹ́lẹ̀ lẹ́kùn-ún ọwọ́ láti ọ̀nà méjì, ìdí dírínkà tí wọ́n ti ń mu omi àti àárín ilé, kẹ́ ẹ fún un. Èyí tó bá dì bí òkèlè ẹ̀bà ti tutù jù. Èyí tó dì díẹ̀, tó wá fọ́ bí ẹ ṣe la ọwọ́, ó dára. Èyí tó fọ́n bí eruku ti gbẹ jù, eruku náà á sì wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn, ti ọyẹ́ nìyẹn.

Tíṣà_Ìwó · ọjọ́ 7, oṣù Keje

Mà, mi ò ka 60 dé òpin. Ní 20, omi ti ń bọ́ lójú mi. Ìtẹ́lẹ̀ ìdí dírínkà ò tilẹ̀ dì bí ẹ̀bà, ó yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ti àárín ilé dì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ojoojúmọ́ ni mò ń wọlé yẹn, mi ò gbọ́ òórùn kankan.

DókítàẸran_Abẹ́òkúta · ọjọ́ 7, oṣù Keje

Imú yín ti mọ́ ọn lára ni, sà. Amóníà, gáàsì tó ń jáde látinú ìgbẹ́ àti ìtẹ́lẹ̀ tútù, kì í pẹ́ mọ́ imú lára. Ẹni tí kì í wọlé lójoojúmọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa fi dán an wò. Bó bá ti dé nǹkan bí ìdá 25 nínú mílíọ̀nù ìdá afẹ́fẹ́, ó ti kọjá ibi tó yẹ kí adìẹ máa mí sí. Èyí tó ń lé omi lójú ènìyàn sì sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń di ikú, kó má bàa dà bí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán. E. coli kì í ṣe àlejò. Ó ń gbé nínú ìfun adìẹ tí ara rẹ̀ le, ó wà nínú ìgbẹ́, ó wà nínú eruku ilé. Irun tín-ín-rín wà nínú ọ̀nà èémí adìẹ tó ń gbá ìdọ̀tí jáde bí ìgbálẹ̀. Amóníà máa ń sọ irun yẹn di aláìlè-ṣiṣẹ́. Bí ìgbálẹ̀ bá ti dákẹ́, eruku tí E. coli gùn lé á wọlé tààrà lọ sínú àpò afẹ́fẹ́, á gba ibẹ̀ dé orí ọkàn àti ẹ̀dọ̀. Awọ ojú ògì tẹ́ ẹ rí, ìjàkadì ara adìẹ pẹ̀lú kòkòrò náà ni. Nígbà tẹ́ ẹ fún wọn ní oògùn, èyí tó wà nínú ara kú. Èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ ń dúró de oògùn kó tán.

Kò wá jẹ́ pé amóníà nìkan ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Mo ní ìbéèrè mẹ́ta. Báwo lẹ ṣe fún wọn ní àjẹsára àrùn Gumboro? Kí lẹ fi ń pa kòkòrò inú omi kànga? Mélòó ló kú nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́?

Kíákíá, mi ò fẹ́ bá ọ jà, àmọ́ gbọ́. Oògùn tó o ń fún adìẹ tí kò ṣàìsàn ń kọ́ kòkòrò náà níjà ni. Lọ́dún 2005 ni Amẹ́ríkà fòfin de lílo enrofloxacin, antibáyótíìkì kan, fún adìẹ nítorí irú nǹkan báyìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti dá fífi antibáyótíìkì sínú oúnjẹ ẹran kó lè tètè sanra dúró. Wọ́n ṣì ń sin broiler níbẹ̀ dòní. Tó o bá tún fún wọn ní ọjọ́ 35 tó o tà wọ́n ní ọjọ́ 37, oògùn náà ni oníbàárà rẹ ń jẹ. Wo ẹ̀yìn páálí, wọ́n kọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi kúrò lára ẹran síbẹ̀.

Kíákíá_Ìkòròdú · ọjọ́ 7, oṣù Keje

Dókítà, mo gbọ́ ti páálí yẹn, mi ò kì í kà á. Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn eléyìí. Mo ti gba òròmọdìẹ tí ìdodo wọn ṣì ṣí, tó ń rùn láti inú páálí. Ilé wo lèèyàn fẹ́ kọ́ tí ìyẹn ò ní kú? Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ọlọ́sìn jẹ̀bi.

DókítàẸran_Abẹ́òkúta · ọjọ́ 8, oṣù Keje

Òtítọ́ pọ́ńbélé. Èyí tó bá ń kú láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, tí ikùn rẹ̀ wú, tí pupa ẹyin inú rẹ̀ ò tíì gbẹ tó sì ń rùn, ilé iṣẹ́ tó pa ẹyin di òròmọdìẹ ló sábà máa ń jẹ̀bi níbẹ̀. Kí a tó san owó, ká ṣí páálí: ìdodo tó dì, ẹsẹ̀ tó ń dán, ojú tó là. Èyí tí ìdodo rẹ̀ dà bí bọ́tìnì dúdú, ẹ dá a padà.

Àmọ́ ọlọ́sìn náà lè ba èyí tó dára jẹ́. Òròmọdìẹ tó bá balẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù kì í lè lo pupa ẹyin inú rẹ̀ tán, ibẹ̀ ni kòkòrò á ti máa jẹun. Ẹ tan iná sílé ní ọjọ́ kan ṣáájú kí wọ́n tó dé. Ooru nǹkan bí 32 sí 34 ní ìwọ̀n sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, níbi tí ẹ̀yìn òròmọdìẹ wà, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́ orùlé. Kẹ́ ẹ máa fi bíi 2 sí 3 dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ wọn kan ọrùn tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín tó tutù, òtútù ń mú wọn. Ní wákàtí 24, ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà lọ́fun bíi 20 nínú wọn: gbogbo wọn ló yẹ kó kún, kó sì rọ̀ bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Tó bá le bí òkúta, oúnjẹ ni wọ́n rí, wọn ò rí omi.

Tíṣà_Ìwó · ọjọ́ 8, oṣù Keje

Ìdáhùn mi rèé, Dókítà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò burú, márùn-ún ló kú. Gumboro, mo pò ó sínú omi kànga láàárọ̀, wọ́n ń mu ún títí di ọ̀sán. Ní ti kòkòrò omi, mi ò fi nǹkankan sí i. Kànga wa mọ́ gaara.

DókítàẸran_Abẹ́òkúta · ọjọ́ 8, oṣù Keje

Omi tó mọ́ lójú kọ́ ló mọ́ nínú. Báwo ni kànga náà ṣe jìnnà sí ṣalángá tàbí sọ́kàwéè? Ẹ lọ wọ̀n ọ́n.

Ní ti Gumboro, ẹ gbé omi kúrò fún wákàtí kan sí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, kí ẹ tó gbé ti àjẹsára wọlé, kí wọ́n sì mu ún tán láàárín bíi wákàtí méjì. Oòrùn ọ̀sán a máa pa á. Gumboro tí wọ́n ò mu dáadáa burú ju bó ṣe rí lọ, nítorí pé ohun tí Gumboro ń bàjẹ́ ni ibi tí ara ti ń kọ́ bí a ṣe ń bá àìsàn jà. Adìẹ tí Gumboro bá fọwọ́ bà tó sì yè é, E. coli ló máa ń wá kó ìyókù.

Ti omi: bíléèṣì tí a fi ń fọ aṣọ, èyí tí kò ní òórùn dídùn, tí wọ́n kọ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún sára rẹ̀. Milílítà kan sínú lítà 10, tàbí 100 sínú táńkì lítà 1,000. Ẹ pò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó mu. Ìyẹn á fún yín ní bíi ìdá 3 nínú mílíọ̀nù, èyí tó tó fún omi tí kò ní ìdọ̀tí. Ẹ dá a dúró ní ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú àjẹsára inú omi, nítorí á pa àjẹsára náà. Kẹ́ ẹ sì tún máa fọ dírínkà láràárọ̀. Ohun tó ń yọ̀ nínú dírínkà yẹn, kòkòrò ló kọ́ ilé síbẹ̀, bíléèṣì ò lè wọ inú rẹ̀. Ọwọ́ àti kàìnkàìn ló ń yọ ọ́.

ÌyáAlágò_Ògbómọ̀ṣọ́ · ọjọ́ 8, oṣù Keje

Dókítà ti sọ̀rọ̀ omi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi tí omi ń dà sí. Dírínkà alágogo yín, ẹ gbé e ga. Ètè rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yìn adìẹ dọ́gba, kẹ́ ẹ máa fà á sókè bí wọ́n ṣe ń ga, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bó bá wà nílẹ̀, wọ́n á máa fi ẹnu ta omi dànù bí ọmọdé tó ń wẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ to bíríkì, kẹ́ ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì wáyà sórí rẹ̀, kí omi tó bá dà má ṣe bọ́ sínú ìtẹ́lẹ̀. Èyí tó ti dì báyìí, ẹ fi ṣọ́bìrì gé e bí ẹni gé mọ́ínmọ́ín, ẹ kó o jáde, ẹ fi tuntun dípò. Òní ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ṣí tapólín ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ru ìtẹ́lẹ̀, torí rírú yẹn fúnra rẹ̀ ń tú amóníà sáfẹ́fẹ́.

Ìyẹ̀ pákó kíkúnná yẹn, ẹ má lò ó mọ́. Òròmọdìẹ ń jẹ ẹ́, ó sì máa ń dì. Èérún tí káfíńtà fá ló dára, kó jìn tó íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin, gbígbẹ, tí kò ní ehu. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ da láìmù sórí ìtẹ́lẹ̀ nígbà tí adìẹ wà nínú ilé. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Láìmù ń lé amóníà jáde sí afẹ́fẹ́ ni, ó dára fún ilé tó ṣófo.

Ọmọ_Kétu · ọjọ́ 9, oṣù Keje

Mo kí yín láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní ti olè, oparun ni èmi lò. Búlọ́ọ̀kù ìlà méjì sísàlẹ̀, oparun lílà tí mo kàn gbọn-ingbọn-in sójú rẹ̀, àlàfo ìka méjì láàárín, nẹ́ẹ̀tì wáyà nínú. Ọwọ́ olè ò wọlé, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ọdún kẹta rèé. Ikán nìkan ló ń bá mi jà.

Tíṣà_Ìwó · ọjọ́ 9, oṣù Keje

Ṣé ẹ ń sọ pé kí n wó ògiri? Ọmọ mi tó ń ṣe bíríkìlà máa fi mí rẹ́rìn-ín o. Ìlà búlọ́ọ̀kù 11 ló wà níbẹ̀!

DókítàẸran_Abẹ́òkúta · ọjọ́ 9, oṣù Keje

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ wó ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àríwá àti èyí tó kọjú sí gúúsù, títí kó fi ku ìlà méjì sí mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ fi irin fèrèsé tàbí oparun Ọmọ_Kétu dí i. Ìwọ̀ oòrùn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní dídí, nítorí oòrùn ọ̀sán àti ìjì. Ó dára kẹ́ ẹ fa orùlé jáde tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin kí òjò má ta wọlé. Ìbú 18 yẹn tilẹ̀ ràn yín lọ́wọ́: ilé tí kò ní fáànù kì í fẹ́ fẹ̀ ju 30 sí 40 lọ, afẹ́fẹ́ ò ní lè la á já.

Tapólín ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kàn án, kó máa ṣí láti òkè wá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ká a sókè láti ìsàlẹ̀, atẹ́gùn tútù á wá máa fẹ́ lu òròmọdìẹ tààrà, ẹ̀rù á ba ọlọ́sìn, á tún tì í pa. Bó bá ṣí láti òkè, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún amóníà á jáde lókè orí wọn, kò sì ní sí otútù fún wọn nísàlẹ̀. Kódà ní òru òjò, ẹ fi àlàfo tó fẹ̀ tó ọwọ́ méjì sílẹ̀ lókè. Adìẹ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń mú ooru jáde ju bí a ṣe rò lọ. Òtútù kọ́ ló ń pa tiyín.

Iye adìẹ: ilé yín jẹ́ nǹkan bíi mítà 33 níbùú lóòró. Mẹ́jọ sí mẹ́wàá sí mítà kan ni mo máa ń sọ fún ẹni tí kò ní fáànù. Ẹ ṣe é.

Tíṣà_Ìwó · ọjọ́ 9, oṣù Keje

300.

Ọ̀gá ò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó mi tó ń lọ yẹn.

AlájàpáAdìẹ · ọjọ́ 10, oṣù Keje

Mo ń ra broiler lọ́wọ́ àwọn ọlọ́sìn, mo ń tà á fún àwọn tó ń yan ẹran. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi tú àṣírí ara mi. Àgò tí mò ń gbé wọ ilé yín láti kó adìẹ, láàárọ̀ ló ti wà ní oko ẹlòmíràn, àná ló ti wà ní ọjà. Mi ò fọ̀ ọ́. Kò sí ẹnì kankan tó ti béèrè lọ́wọ́ mi rí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tà díẹ̀díẹ̀, 50 lónìí, 80 lọ́tùnla, ẹ gbé adìẹ pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kí n wọlé, ẹ má jẹ́ kí àgò mi wọlé. Mi ò ní bínú.

Ìlú_Ọba_ni_mo_wà · ọjọ́ 10, oṣù Keje

Alájàpá, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Oko broiler ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ní England. Ilé ńlá ni, ẹ̀rọ ló ń darí afẹ́fẹ́, mi ò ní fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Ohun kan ṣoṣo tí mo kọ́ níbẹ̀ tí kò ná ènìyàn lówó ni pákó tó ga dé orúnkún tí wọ́n gbé dábùú ẹnu ọ̀nà. Bàtà ìta kì í kọjá rẹ̀. O máa jókòó sórí pákó, o bọ́ bàtà ìta, o yí ẹsẹ̀ sí òdìkejì, o wọ bàtà ilé yìí. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní bàtà tirẹ̀. Wọ́n lé ẹnì kan kúrò níṣẹ́ nítorí rẹ̀ níṣojú mi.

Nígbà tí mo wá sílé, mo rí i pé a máa ń gbé abọ́ omi oògùn apakòkòrò sí ẹnu ọ̀nà, tí gbogbo ẹsẹ̀ ẹlẹ́rọ̀fọ̀ ń bọ inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹrọ̀fọ̀ ti pa oògùn náà kó tó pa kòkòrò kankan. Bàtà méjì sàn ju abọ́ yẹn lọ.

ÌyáAlágò_Ògbómọ̀ṣọ́ · ọjọ́ 10, oṣù Keje

Kó tó di pé ẹ kó òmíràn wọlé, Tíṣà, ẹ jẹ́ kí ilé náà sinmi fún ọjọ́ 14, kẹ́ ẹ máa kà á láti ọjọ́ tó gbẹ lẹ́yìn fífọ̀, kì í ṣe láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ta adìẹ tó gbẹ̀yìn. Ẹ kó gbogbo ìtẹ́lẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà. Ẹ gbá òkè ilé, wáyà, okùn aláǹtakùn. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà lẹ ó tó fọ́n oògùn apakòkòrò, á tún gbẹ. Ọ̀pọ̀ ń fo ti ọṣẹ, wọ́n ń da oògùn olówó ńlá sórí ìgbẹ́ gbígbẹ. Owó lẹ dà nù yẹn. Símẹ́ńtì ilẹ̀ tó bá ti là, ẹ dí i, ibẹ̀ ni kòkòrò dúdú kéékèèké àti ìgbẹ́ àtijọ́ ń sá pamọ́ sí. Ẹ wá ihò eku.

Òkú, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ gbọ́dọ̀ máa ṣà wọ́n. Mo mọ ẹnì kan tó ń jù ú sígbó ẹ̀yìn ilé, ajá ń gbé e padà wá fún un.

Àti adìẹ ìyàwó yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ni, ṣùgbọ́n àwọn adìẹ ìbílẹ̀ yẹn máa ń gbé àrùn ọ̀fun láìkú, ẹ̀yin sì ń fi ẹsẹ̀ yín gbé e fún broiler.

Tíṣà_Ìwó · ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣèlérí fún Ìyá lórí fóònù pé màá padà wá ròyìn.

Èyí tó wà ńlẹ̀ nígbà yẹn, a gbìyànjú, ó parí sí òkú 97. A tà wọ́n ní ìwọ̀n bíi kílò 1.7 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ, ọmọ mi bíríkìlà wó ẹ̀gbẹ́ méjì náà, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Irin fèrèsé àlòkù ni mo rà. Kànga wa jìnnà sí ṣalángá aládùúgbò ní ẹsẹ̀ bàtà 30 péré. Bíléèṣì ni mò ń lò báyìí, mo sì ń tọ́jú owó kànga ẹ̀rọ.

300 ni mo kó wọlé. Òkú 17 ni, mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 23, ìjì kan gba ìwọ̀ oòrùn wọlé, ìtẹ́lẹ̀ rin ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ 26, mẹ́ta ń dún lọ́fun. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ràn, tí mo gé e jáde. Mẹ́rin kú nínú ìyẹn. A tà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kílò 2.3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi lẹ́ẹ̀dì ṣe ìṣirò rẹ̀ bí tíṣà: 403 lọ́nà 1.7 jẹ́ kílò 685; 283 lọ́nà 2.3 jẹ́ 651. Ẹran fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, mi ò sì ra òròmọdìẹ 200 àti oògùn mọ́.

Alájàpá, mo pàdé oníbàárà mi ní ẹnu ọ̀nà. Ó bínú o.

Ó ku adìẹ ìyàwó mi. Ó ní ó ti ń sin tirẹ̀ kí èmi tó mọ ohun tí ń jẹ́ broiler, àti pé tiwọn ò kú.

Kíákíá_Ìkòròdú · ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá

Ẹ kú oríire, Bàbá. Mo ti dá ti ọjọ́ 14 àti 21 dúró. Ti ọjọ́ kìíní ṣì kù, ẹ má tíì bú mi.

ÌyáAlágò_Ògbómọ̀ṣọ́ · ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá

Tíṣà, ẹ má bá ìyàwó yín jà. Ẹ kọ́ ilé kékeré fún tirẹ̀ ní òdìkejì àgbàlá, kẹ́ ẹ ta wáyà yí i ká, kí òun ní bàtà tirẹ̀. Broiler ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wọlé tọ̀ láràárọ̀, lẹ́yìn náà tirẹ̀. Kí ọmọ bíríkìlà yẹn náà ló bá a kọ́ ọ, á dá ẹ̀rín tó fi yín rín padà.